Ìbéèrè Tí Taoheed Fi Rán Habeeb

Ẹ ti fura sí i kí n tó la ẹnu. Bí ọkùnrin kan bá ní ọmọge tó wù ú, tó wá rán ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò tíì láya pé kó lọ bá òun bi ọmọge náà ní ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ ò nílò wòlíì kó tó sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa já sí fún yín. Ibẹ̀ gan-an ló já sí. Habeeb ni Moyọ̀sọ́lá fẹ́. Ẹni tó bá jẹ́ pé ìyẹn nìkan ló fẹ́ mọ̀ lè máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Gbogbo ayé ló máa fura, àfi Taoheed tí ọ̀rọ̀ kàn. Ohun tí kò sì jẹ́ kó fura ni pé ó gbọ́n jù.

Ọgbọ́n yẹn náà ló sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń pè sórí ìtàgé ní Yaba. Iṣẹ́ tó ń ṣe kò lórúkọ ní Mushin tí wọ́n ti bí i. Ẹ̀kìsìpíríẹ́ǹsì dìsáínà ló kọ sórí káàdì tó máa ń há fún èèyàn. Lọ́dọ̀ àwọn tí kò bá gbọ́ ìyẹn, á ní aṣètò ìrírí lòun. Bí ilé ìtajà kan bá fẹ́ kí oníbàárà wọlé kí ọkàn rẹ̀ sì rọ̀, Taoheed ni wọ́n máa pè. Òun ló máa sọ ibi tí iná yóò ti tàn, ohùn tí etí yóò kọ́kọ́ gbọ́, ohun tí ọwọ́ yóò fẹ́ fà mọ́ra, àti òórùn tí yóò pàdé èèyàn bó bá ya kọ̀rọ̀. Ó ní èèyàn kì í ra ọjà, ìrántí ló máa ń rà. Gbogbo ìgbà tó bá sọ ọ́, á sọ ọ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i he lójú ọ̀nà.

Ìtàn kan wà tó fi máa ń ṣílẹ̀kùn ọ̀rọ̀ rẹ̀. Á kọ́kọ́ dákẹ́. Á wo ilẹ̀. Á wá ní:

"Orí bẹ́ǹṣì kan ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ní Mushin, nínú ṣọ́ọ̀bù oníbàtà. Òòlù lọ́wọ́, awọ lórí itan, orin lábẹ́ ahọ́n. Abẹ́rẹ́ ń wọlé, abẹ́rẹ́ ń jáde, orin sì ń tọ́ ọwọ́ sọ́nà. Láti ìdí awọ, mo lọ sídìí kíbọ́ọ̀dù. Láti ìdí kíbọ́ọ̀dù ni mo ti wá rí i pé iṣẹ́ kan náà ni látọjọ́ yìí: kí ara èèyàn balẹ̀ níbi tó jókòó sí."

Ibẹ̀ ni àtẹ́wọ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ibẹ̀ náà ni Moyọ̀sọ́lá wà lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí i. Kò mọ nǹkan kan nípa àwọn oníkọ̀ǹpútà Yaba. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ló fà á wá. Ojú ló ń yẹ̀ wò fáwọn èèyàn ní ọsibítù kan ní Surulere. Láti àárọ̀ dalẹ́, ìbéèrè kan náà ló máa ń bi wọ́n: "Èyí ló mọ́ jù, àbí èyí?" Nígbà tí èrò túká, ó lọ bá Taoheed níbi tí wọ́n ti ń pín omi inú ike.

"Orin wo ni?" ó bi í.

"Orin wo ni kí ni?"

"Èyí tó wà lábẹ́ ahọ́n, nídìí bàtà."

Taoheed rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti bi í bó ṣe ń rí oníbàárà, wọ́n ti bi í irú kọ̀ǹpútà tó ń lò, kò sẹ́ni tó bi í ní ìyẹn rí. "Orin tí kò lórúkọ ni."

"Kọ ọ́ kí n gbọ́."

"Níbí? Kí wọ́n lè ní mo ti yó?"

"Omi ni gbogbo wa ń mu."

Kò kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín kan tó jẹ́ pé nígbà tí Moyọ̀sọ́lá máa fi délé, ó ti gbàgbé pé orin lòun béèrè, ẹ̀rín ni wọ́n fún òun. Ìfẹ́ máa ń gba pàṣípààrọ̀ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n fẹ́ra wọn síwá, wọ́n fẹ́ra wọn sẹ́yìn. Taoheed máa ń mú un lọ síbi tó bá ti ṣiṣẹ́, á fi ìka tọ́ka: wò ó bí iná yẹn ṣe wálẹ̀, gbọ́ ohùn omi yẹn, èmi ni mo ní kí wọ́n fi síbẹ̀. Moyọ̀sọ́lá ń wò, ó ń gbọ́. Nígbà mìíràn, lójú ọ̀nà Costain tí wọ́n bá ń padà bọ̀, ó máa ń ronú pé òun mọ gbogbo ohun tí ọkùnrin yìí fẹ́ràn, ó ku ẹni tó máa mọ tòun. Á tún bá ara rẹ̀ wí. Ẹni tó fi òòlù àti orin tọ́ ara rẹ̀ dàgbà, kò lè má gbọ́ èèyàn. Sùúrù ló gbà.

Ọ̀rọ̀ wá dọ́dọ̀ bàbá Moyọ̀sọ́lá. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Oyèníran. Ìwé ló ń tẹ̀ jẹun ní Ìlúpéjú títí tó fi fẹ̀yìn tì, ó sì ń gbé ní Surulere. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Àṣàbí, tó máa ń bá a dá sí gbogbo ọ̀rọ̀ ilé, jókòó tì í lọ́jọ́ tí Taoheed wá. Taoheed wọ ẹ̀wù tí kò ní kọ́là. Bàbá wo ọrùn ẹ̀wù náà pẹ́.

"Iṣẹ́ wo lo ní ò ń ṣe?"

"Aṣètò ìrírí ni mí, sà."

"Ìrírí ta ni?"

"Ti ẹnikẹ́ni, sà."

"Tèmi ńkọ́? Mo ti lo ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ láìsí ètò." Àǹtí Àṣàbí fi ife bo ẹnu. Bàbá ń bá a lọ. "Ọmọ mi ní o ran bàtà rí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo ran bàtà rí."

"O fi í sílẹ̀. Ó tún ní o lu dùùrù rí."

"Kíbọ́ọ̀dù, sà."

"O fi ìyẹn náà sílẹ̀. Mi ò bá ẹ̀sìn ẹ jà o. Ìyá tó bí mi, mọ́ṣáláṣí ló ń lọ títí tó fi kú. Ohun tí mo kàn fẹ́ mọ̀ ni èyí: nígbà tó o bá dé ìdí ọmọ mi, ìgbà wo lo máa fi òun náà sílẹ̀?"

Taoheed ní ìdáhùn fún irú rẹ̀. Ó sọ ìtàn bẹ́ǹṣì. Ó dákẹ́ níbi tó yẹ kó dákẹ́. Àǹtí Àṣàbí gbé ife sílẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Oyèníran ní ó dùn létí, ó sì dìde lọ wo iná jẹnẹrétọ̀ tí kò ṣe nǹkan kan.

Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà, Moyọ̀sọ́lá ló ń bá bàbá rẹ̀ fà á. "Dádì, ẹni tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ ni. Kì í ṣe àwọn tí ẹ máa ń bú pé wọ́n ń tẹ fóònù jẹun." Ó sọ ìtàn bẹ́ǹṣì náà fún bàbá tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá fúnra rẹ̀ fi mọ ibi tí òòlù ti máa ń dún. Àǹtí Àṣàbí náà gbè é lẹ́yìn: "Bọ̀dá mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi yíǹkì pa gbogbo èékánná dúdú, ṣé oníṣẹ́ ọwọ́ lẹ máa wá kọ̀?" Nígbà tó yá, Oyèníran ní kò burú. "Gbogbo èèyàn ló ní òun mọ̀. Kó fi hàn mí pé ó mọ Moyọ̀sọ́lá. Lẹ́yìn ìyẹn, kó kó àwọn èèyàn ẹ̀ wá."

Ibí ni ọgbọ́n ti wọ̀ ọ́.

Ẹlòmíràn ì bá lọ bá ọmọ náà kó bá a jókòó. Taoheed pinnu pé yàrá lòun máa kọ́. Òun máa háyà gbọ̀ngàn kan ní Yaba, òun máa pín in sí ọ̀nà tóóró tóóró, Moyọ̀sọ́lá á sì máa rìn gba inú ohun tó fẹ́ràn kọjá, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tí yóò fi débi tí òun bá kúnlẹ̀ sí pẹ̀lú òrùka. Àǹtí Àṣàbí á tẹ̀ lé e, á wò ó, á lọ rò fún bàbá. Ohun tó kù ni kí wọ́n mọ ohun tó fẹ́ràn. Ó gba Mushin lọ, sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá Yẹ̀kínnì oníbàtà, níbi tí Habeeb ọmọ bàbá náà ti ń gé awọ. Àwọn méjèèjì ti mọra láti kékeré. Ohun gbogbo tí Taoheed bá fẹnu yà nínú iṣẹ́ rẹ̀, tìmùtìmù ni o, aṣọ ara ògiri ni o, Habeeb ló máa ń fọwọ́ ṣe é.

"Ìwọ ni kó o lọ bi í," Taoheed wí.

"Èmi? Ṣebí ìwọ lò ń fẹ́ ẹ."

"Ìdí nìyẹn. Bí èmi bá bi í, ohun tó mọ̀ pé ó máa dùn mọ́ mi ló máa sọ. Òfin iṣẹ́ wa ni, Habeeb: ẹni tó fẹ́ ṣe nǹkan fún èèyàn kì í fi ẹnu ara ẹ̀ béèrè. Ẹlòmíràn ló máa ń rán."

"Nílé tiwa, tí wọ́n bá máa rán alárenà, ìyá àgbà ni wọ́n máa ń rán, èyí tí kò léyín mọ́."

"Ìyẹn láyé àtijọ́."

"Wọ́n mọ ìdí tí wọ́n fi ń wá aláìléyín láyé àtijọ́."

Àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín. Taoheed ka ìbéèrè tó ti kọ jáde sí i létí. Ohùn wo ló máa ń mú ẹ rántí ilé? Kí ni ọwọ́ ẹ máa ń wá tí inú ẹ ò bá dùn? Òórùn wo ló lè dá ẹ dúró lójú ọ̀nà? Ta ló gbọ́ ẹ délẹ̀ gbẹ̀yìn, níbo lẹ sì wà? Ká sọ tòótọ́, ìbéèrè náà dára. Ó lè mú kí òkúta jẹ́wọ́. Taoheed mọ̀ bẹ́ẹ̀; lójú dígí ló ti kọ́kọ́ kà wọ́n fún ara rẹ̀.

Habeeb lọ. Taoheed kò sí níbẹ̀. Ohun tó wá mọ̀ nípa rẹ̀, ó ti pẹ́ jù kó tó mọ̀ ọ́n. Lórí àga gbọọrọ tó wà níta ọsibítù ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Habeeb ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ wá ẹnu wò, nítorí náà ó kàn sọ òótọ́ ibẹ̀: "Taoheed ló rán mi. Òun ló kọ gbogbo ẹ̀. Tẹ́ ò bá fẹ́ dáhùn, màá ní n ò bá yín." Moyọ̀sọ́lá ní kó bi òun. Ó bi í ní ẹyọ kan, ó sì dákẹ́. Bí èsì náà ṣe gùn tó, kò já a. Nígbà tó parí, kò sọ pé òun náà ní irú rẹ̀. Ó kàn ní, "Ẹ̀yìn ìyẹn ńkọ́?"

Ẹ rántí pé obìnrin tó ń bi gbogbo Surulere léèrè lójoojúmọ́ ni. Kò sẹ́ni tó bi òun rí pé èwo ló mọ́ jù.

Àwọn èsì àkọ́kọ́ tí Habeeb mú wá dára. Òjò lórí páànù ní Ògbómọ̀ṣọ́, nílé ìyá bàbá rẹ̀. Yíǹkì tútù, nítorí pé ó máa ń tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ sí Ìlúpéjú lọ́jọ́ Sátidé. Taoheed gbà á, ó ya á sórí pépà. Ó ní kó padà lọ. Habeeb padà lọ. Nígbà kan wọ́n jọ rìn dé Ọ̀yìngbò, nítorí Moyọ̀sọ́lá ní òun fẹ́ fi irú aṣọ kan tí ọwọ́ òun máa ń wá hàn án. Nígbà mìíràn ó wá sí ṣọ́ọ̀bù ní Mushin, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, Habeeb ń ṣiṣẹ́, ó ń béèrè. Nígbà tó yá, ó ń ṣiṣẹ́, kò béèrè nǹkan kan mọ́.

Èsì wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà.

"Ó ní òórùn awọ," Habeeb wí, ojú rẹ̀ wà lára ọ̀bẹ tó ń pọ́n. "Pẹ̀lú gọ́ọ̀mù."

"Ṣé ó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó ní etí awọ tí wọn ò tíì gé dọ́gba ni ọwọ́ òun máa ń wá. Ó ní ohùn òòlù. Òòlù, kó o sì máa gbọ́ ẹni tó ń kọrin sínú láìmọ̀ pé òun ń kọrin."

Taoheed dìde dúró. Ó rìn yí ṣọ́ọ̀bù náà ká, bó ṣe kéré tó. "Ṣé o rí i? Mo sọ fún ẹ. Èmi ló ń sọ yẹn. Gbogbo ìtàn mi ló wà lọ́kàn ẹ̀."

"Tao, ọ̀rọ̀ kan wà."

"Nípa yàrá náà ni?"

"Rárá."

"Jẹ́ kó di ẹ̀yìn iṣẹ́. Má da orí mi rú báyìí."

Habeeb padà sídìí ọ̀bẹ rẹ̀. Mi ò ní bá a wí àwíjàre: ó yẹ kó sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, ó tún yẹ kó sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rù ló sì bà á. Ọ̀rẹ́ ń bẹ tó máa gbé ẹrù ẹ dé Ìlọrin tí kò ní lè gbé ọ̀rọ̀ ẹnu ara ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹ.

Taoheed náà kò ṣàìrí nǹkan. Moyọ̀sọ́lá kì í fi bẹ́ẹ̀ pè é lórí fóònù mọ́. Nígbà tí wọ́n bá jọ jẹun, ó máa ń wò ó bí ìgbà tó ń wo ojú tó ń ṣomi. Lọ́jọ́ kan ó gbọ́ tó ń bá Habeeb sọ̀rọ̀, kò pè é ní "ẹ̀yin" mọ́, "ìwọ" ló ń pè é, ó sì ń bú u pé kò tíì jẹun. Nǹkan kan gún Taoheed láyà. Ó gbé e yẹ̀wò, ó sì rí ìdáhùn tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu: ẹni tó bá mọ ìbéèrè í béèrè, ara èèyàn gbọ́dọ̀ balẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó gbóríyìn fún Habeeb.

Ó wá ku ohùn orin ìdí bàtà tí yóò máa dún ní ọ̀nà tó gbẹ̀yìn. Taoheed ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ síwájú, ó kọ ọ́. Nígbà tó fetí sí i, ó dà bí ohùn ẹni tí ọ̀fìnkìn ń yọ lẹ́nu. Ó kọ ọ́ léraléra. Níkẹyìn ó gbé ẹ̀rọ lọ sí Mushin.

"Bá mi kọ ọ́," ó wí. "Bí a ṣe máa ń kọ ọ́."

Habeeb wò ó. "Bí a ṣe máa ń kọ ọ́," ó wí tẹ̀lé e, jẹ́ẹ́jẹ́. Ó mú òòlù, ó tẹ́ awọ, ó sì kọ ọ́ láìtún un kọ.

Ọ̀sán Sátidé ni Moyọ̀sọ́lá wá sí gbọ̀ngàn náà, tòun ti Àǹtí Àṣàbí. Habeeb kò wá. Ó ránṣẹ́ pé ara òun ò yá. Taoheed dúró sí ìpẹ̀kun nínú kóòtù dúdú, ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn bọ̀. Ó gbọ́ tí òjò bẹ̀rẹ̀ lórí páànù, ó gbọ́ tí Àǹtí Àṣàbí sọ "Mo kú o," tó ń sunkún, tó ń pe ìyá tó bí i lórúkọ. Ó mọ ìgbà tí wọ́n dé ibi yíǹkì, nítorí wọ́n dákẹ́. Wọ́n wá dé ọ̀nà tí wọ́n fi awọ bò lápá ọ̀tún àti òsì, tí etí rẹ̀ ṣì rí jágajàga bí Moyọ̀sọ́lá ṣe fẹ́ ẹ. Òòlù bẹ̀rẹ̀. Orin bẹ̀rẹ̀. Láti inú òkùnkùn, Taoheed rí i tó dúró, tó gbé ọwọ́ lé ògiri, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀ tí kò nù ún.

Kò ṣe iṣẹ́ tó dà bí èyí rí. Ó ka omijé náà sí tirẹ̀, ó sì kúnlẹ̀.

Moyọ̀sọ́lá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó wo òrùka. Ó wo ẹ̀yìn Taoheed bí ẹni tó ń wá èèyàn.

"Habeeb dà?"

"Ara ẹ̀ ò yá. Moyọ̀, wò ó—"

"Kò sọ fún ẹ."

"Kí ni?"

"Ó ṣèlérí fún mi pé òun máa sọ fún ẹ kí n tó wá. Mo rò pé o ti mọ̀. Mo rò pé o kàn fẹ́ fi yàrá yìí yọ̀ǹda mi ni." Ó jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀ kí ojú wọn lè bára mu. "Taoheed, Habeeb ni mo fẹ́ fẹ́."

Òòlù ń dún lọ. Kò sẹ́ni tó rántí lọ pa á.

"Ìbéèrè mi ló fi mú ẹ," Taoheed wí. "Èmi ni mo kọ gbogbo ẹ̀."

"Mo mọ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti sọ fún mi. Mo dáhùn, mo sì ń retí kí ìwọ náà wá bi mí ní ẹyọ kan." Ó nu ojú rẹ̀ wàyí. "Mo retí ẹ gan-an."

Taoheed kò gbọ́ ìyẹn. Ohun tó gbọ́ ni orúkọ Habeeb. Ó gba Mushin lọ bó ṣe wọ kóòtù.

"Olè ni ẹ́," ó wí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

Habeeb dìde. "Mo jẹ̀bi. Ó yẹ kí n ti sọ."

"Mo fọkàn tán ẹ. Mo rán ẹ níṣẹ́, o jẹ iṣẹ́, o sì jẹ èmi náà. Sọ pé o máa fi í sílẹ̀."

"Ìyẹn ni mi ò lè sọ." Habeeb fa bẹ́ǹṣì fún un, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Taoheed kò jókòó. "Tao, nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kó o mọ̀. Mi ò tíì sọ ohunkóhun nípa ẹ fún Moyọ̀ àti bàbá ẹ̀. Mi ò ní sọ."

"Kí lo ní láti sọ nípa mi?"

Habeeb wo ilẹ̀. Taoheed kà á sí àfojúdi, ó sì ń rí i lójú fún ọ̀pọ̀ ọjọ́: ọ̀rẹ́ tó gba ìyàwó ẹni, tó tún ń ṣe bí ẹni tó ń ṣàánú ẹni.

Kò lè sùn, kò lè jẹ. Wọ́n pè é kó wá sọ̀rọ̀ lórí ìtàgé, ó ní òun ò wá. Ó ń rántí bí Moyọ̀sọ́lá ṣe ń jẹ ọsàn, tó máa ń tò ó kalẹ̀ kó tó jẹ ẹ́, ó sì yà á lẹ́nu pé ìyẹn nìkan lòun lè rántí tí kì í ṣe Habeeb ló mú un wá. Ó wá gbọ́ pé Bàbá Yẹ̀kínnì àti àwọn ẹbí rẹ̀ ti lọ sí Surulere, wọ́n ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, Oyèníran sì ti gba ẹrù wọn. Ìyẹn ló lé e dìde. Ó ké sí Àǹtí Àṣàbí, tí ojú rẹ̀ kò tíì gbẹ láti ọjọ́ òjò orí páànù. Obìnrin náà ní kó bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú.

Oyèníran jókòó sí àga rẹ̀. Taoheed dọ̀bálẹ̀, ó sì ro ẹjọ́ rẹ̀. Ẹ má sọ pé mo ń bú u: ó rò ó dáadáa. Ó sọ bí òun àti Habeeb ṣe wà nídìí bẹ́ǹṣì kan náà láti kékeré, bí òun ṣe fún un níṣẹ́, bí òun ṣe fi ọkàn òun rán an. Kò fi ìkan kún un, kò sì yọ ìkan. Àǹtí Àṣàbí sunkún. Nígbà tó parí, bàbá kò dá àpárá kankan.

"Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí," ó wí. "Ó dùn mí gan-an. Mi ò kọ́kọ́ fẹ́ràn ẹ, ìwọ náà mọ̀. Ohun tó yí mi lọ́kàn padà ni pé oníṣẹ́ ọwọ́ bíi tèmi ni ẹ́. Ẹni tó bá sì ṣe irú èyí sí ẹni tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́, mi ò ní fún un lọ́mọ. Àṣàbí, pe ọmọ yẹn wá."

Moyọ̀sọ́lá jáde láti inú yàrá, ó jókòó sí apá àga bàbá rẹ̀. Kò wo Taoheed.

"Ìwọ lo ṣáájú ẹ̀ nídìí bàtà, àbí ẹ jọ bẹ̀rẹ̀ ni?" Oyèníran bi í.

"A jọ wà níbẹ̀, sà."

"Bàbá ẹ̀ lọ̀gá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bàbá Yẹ̀kínnì."

"Ìgbà wo ni wọ́n ṣe fíríìdọ̀mù fún ẹ?"

Taoheed yí ojú sí fèrèsé.

"Ohun tí mo ṣe ń béèrè ni pé," bàbá wí, bí ẹni tó fẹ́ gbà á sílẹ̀, "èmi gan-an sin ọ̀gá mi ní Ìlúpéjú. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa tú mi sílẹ̀, mo kúnlẹ̀, wọ́n gbé irinṣẹ́ lé mi lọ́wọ́, wọ́n wúre fún mi. Kò sí ọmọ iṣẹ́ tó lè gbàgbé ọjọ́ yẹn. Bí bàbá náà bá ti wúre fún ẹ bẹ́ẹ̀, ọmọ ẹ̀ ni ẹ́, ọmọ ẹ̀ kejì sì ló fọwọ́ gba ìyàwó lọ́wọ́ ẹ. Á mọ̀ pé àwọn ò lè wá jókòó sílé mi. Jẹ́ kí n pè é. Tó bá ti ní ọmọ iṣẹ́ òun ni ẹ́, lónìí ni màá dá ẹrù wọn padà."

Ó ti mú fóònù. Ó ń wá orúkọ, ó ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ bí àwọn àgbà ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Taoheed rántí ìgbà àkọ́kọ́ tó sọ ìtàn bẹ́ǹṣì náà, níwájú èrò díẹ̀ ní Yaba. Nígbà yẹn, ohun tó wí ni pé, "Ọmọkùnrin kan wà ládùúgbò wa." Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́, fóònù ni wọ́n ń wò. Nígbà tó tún un sọ, ó yọ ọmọkùnrin náà kúrò. Kò fi ẹnikẹ́ni dípò rẹ̀. Ó kàn fi òòlù sílẹ̀ lọ́wọ́ láìsọ ọwọ́ ta ni. Àwọn èèyàn ló fi Taoheed síbẹ̀. Ó sì ti pẹ́ tó ti ń gbébẹ̀, tó jẹ́ pé bó bá la ojú, bó bá di ojú, ara rẹ̀ ló ń rí nípò Habeeb tó ń gún abẹ́rẹ́.

Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún lódìkejì.

"Ẹ má pè wọ́n, sà," Taoheed wí.

Oyèníran gbé ojú sókè. Àǹtí Àṣàbí gbé etí ìborùn kúrò lójú. Moyọ̀sọ́lá nawọ́, ó gba fóònù lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó pa á. Ó wá kọjú sí Taoheed. Kò bínú. Ohùn tó fi bi í ni ohùn tó fi ń bi gbogbo àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́sibítù.

"Kí lo máa ń lọ ṣe ní ṣọ́ọ̀bù wọn, Taoheed?"

"Bàtà iléèwé mi ni mo máa ń lọ gbà."